Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Tí Kò Dáhùn Ní Òwúrọ̀: Kí Ni Ẹ Ó Kọ́kọ́ Wò?



Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo nǹkan yìí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní ibùdókọ̀ Pobè. Ọkọ̀ kan fẹ́ gbéra lọ sí ọjà Sakété. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti àpò gàrí ti wà lórí ọkọ̀. Èrò ti jókòó, wọ́n ti há ara wọn mọ́. Awakọ̀ wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, ó yí, kò dáhùn. Awakọ̀ tún yí i. Kò dáhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó ti rẹ bátìrì. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ẹrù wọn lọ sínú ọkọ̀ mìíràn.

Owó ọjọ́ náà ti lọ nù un. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ló burú jù. Ẹnì kan á dé, á ní, "Pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Ẹ lọ ra òmíràn." Awakọ̀ á lọ yá owó, á ra pọ́ǹpù, wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kò tún ní dáhùn. Kí ló dé? Pọ́ǹpù kọ́ ló bàjẹ́ rárá. Bújì kékeré kan tàbí méjì ló jóná, tàbí wáyà kan ló tú lórí bátìrì. Gbèsè wà nílẹ̀, àìsàn ọkọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú nínú ẹ̀kọ́ yìí: ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó wò ó. Ohun tí kò ná yín lówó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tó wọ́n jù ni kí ẹ wò kẹ́yìn.

1. Irú ọkọ̀ wo ni à ń sọ?

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ni à ń sọ, epo tí àwa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní gasoil. Àwọn bíi Peugeot 504, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Faransé ní ọdún 1968, tàbí Mercedes ìgbà náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ru èrò àti ẹrù púpọ̀ ní ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu. Wọn kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ojú, etí àti ọwọ́ ènìyàn tó láti wá àìsàn wọn rí. Ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

2. Kí ló ń mú epo jó nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì?

Ẹ ti fi pọ́ǹpù fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí? Bí ẹ bá fún un títí, tí ẹ fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà, ẹ ó rí i pé ó ti gbóná. Kò sẹ́ni tó dáná sí i. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló gbóná.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń ṣe gan-an nìyẹn. Písítìnì á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á gbóná ju ìwọ̀n 500 Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Nígbà náà ni epo á tú jáde lẹ́nu nọ́sù, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní injecteur. Bí epo bá ti pàdé ooru yẹn, á gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel ni orúkọ ẹni tó ronú kan ọgbọ́n yìí. Ilẹ̀ Jámánì ló ti ṣe é. Ní ọdún 1892 ló kọ̀wé béèrè àṣẹ lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1897. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe epo náà títí di òní.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ohun mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ kó tó dáhùn:
– kí ó yí kíákíá, kí afẹ́fẹ́ lè fún pọ̀;
– kí inú rẹ̀ gbóná;
– kí epo tó mọ́ dé ẹnu nọ́sù, láìsí afẹ́fẹ́ tàbí omi nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ọbẹ̀ dànù. Iṣẹ́ yín ni láti mọ èyí tó yẹ̀.

3. Ẹ fetí sílẹ̀

Kí ẹ tó gbé sípánà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ọkọ̀.

Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, tàbí tí ẹ gbọ́ "tá" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bátìrì, wáyà rẹ̀ tàbí sítátà ni kí ẹ lọ wò. Sítátà yìí ni wọ́n ń pè ní démarreur.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí wúrúwúrú bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ìyẹn náà, bátìrì àti wáyà ni.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá bó ti yẹ, tí kò sì dáhùn, ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Ẹ lọ wo èéfín.

4. Ẹ wo èéfín

Ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ wo ọ̀pá èéfín.

Bí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé ẹnu nọ́sù. Ẹ lọ sí ẹ̀kọ́ keje.

Bí èéfín funfun tàbí èyí tó rí bí eérú bá ń jáde, epo ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò jó. Inú ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Ẹ lọ sí ẹ̀kọ́ kẹfà.

Bí èéfín dúdú bá ń jáde, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ afẹ́fẹ́. Eruku ọ̀nà wa pupa, ó sì pọ̀ nígbà ọyẹ́. Ó lè ti dí i pa.

Ẹ rí i? Ẹ kò tí ì ná kọ́bọ̀, ẹ sì ti mọ ìhà tí àìsàn wà.

5. Bátìrì àti àwọn wáyà rẹ̀

Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bátìrì kò lágbára, tàbí wáyà orí rẹ̀ kò dì mọ́ ọn dáadáa. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere bó ti wà, tí sítátà kò sì ṣe nǹkan kan, sítátà tàbí wáyà tó lọ sí ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ wo orí bátìrì méjèèjì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó dà bí ìyẹ̀fun, ìyẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú wáyà rẹ̀. Wáyà tó lọ sára ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí ẹ sì dì í le. Ẹ má gbàgbé wáyà ńlá tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó.

Ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lè bá yín wọn bátìrì. Èyí tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 volt hàn nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ó bá ti sọ̀ dé 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí sítátà ń yí, kò lágbára mọ́.

Ẹ ṣọ́ra o: bátìrì tí wọ́n ń fún ní iná máa ń tú atẹ́gùn tó lè gbiná jáde. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀, ẹ má sì tan ìṣáná wò ó.

6. Bújì tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná

Ẹ̀yin tí ẹ ti wa ọkọ̀ bẹntiróòlù, ẹ má ṣi èyí mú. Bújì ọkọ̀ bẹntiróòlù ń ta iná pàràpàrà láti jó epo. Bújì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kì í ta iná. Ó ń pọ́n bí ẹ̀yinná ni, kí inú ẹ́ńjìnnì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní Faransé, bougie de préchauffage ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ náà, nítorí òun ni ẹ ó fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ilẹ̀ wa kò tutù, kí ni a fẹ́ fi bújì ṣe?" Lóòótọ́, kò tutù bíi ti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n irin ẹ́ńjìnnì tó sùn síta mọ́jú máa ń fa ooru mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í fún pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ló nílò bújì jù, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń tan ọkọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé àárín, iná kékeré kan á mọ́lẹ̀ níwájú yín. Ẹ dúró kí ó kú. Lórí àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ gan-an, ẹ lè dúró dé ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30. Awakọ̀ tó ń kánjú, tí kì í dúró, òun fúnra rẹ̀ ni àìsàn ọkọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá dúró tí kò sì dáhùn, ẹ dán bújì wò. Gílóòbù kékeré ti ọkọ̀ àti wáyà méjì ló máa gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ so wáyà kan gílóòbù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi èkejì kan orí bújì. Ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ dé àárín. Bí gílóòbù bá tàn, iná ń dé ibẹ̀. Bí kò bá tàn, bújì lè má ṣẹ̀ rárá. Fíúsì tàbí rẹlẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tú wáyà tó so àwọn bújì pọ̀. Ẹ so wáyà kan gílóòbù mọ́ orí bátìrì tó ní àmì +. Ẹ fi èkejì kan orí bújì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù kò bá tàn lórí rẹ̀ ti jóná. Òun ni kí ẹ pààrọ̀.

Bújì mẹ́rin ló wà lára ẹ́ńjìnnì tó ní písítìnì mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá jóná, ọkọ̀ lè dáhùn, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n jìgìjìgì fún ìgbà díẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá jóná, wàhálà dé. Lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, iná ń ti ara bújì kan kọjá sí èkejì. Lórí irú wọn, bí ẹyọ kan bá jóná, gbogbo wọn ni kò ní ṣiṣẹ́.

7. Ọ̀nà tí epo ń gbà

Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá epo wà nínú táǹkì. Ọ̀pá tó ń fi epo hàn máa ń parọ́ lórí ọkọ̀ tó ti gbó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé àárín, kí ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ "tá" kékeré kan. Ohun tó ń ṣí ọ̀nà epo ló dún bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dún, ẹ wo wáyà kékeré tó wà lórí rẹ̀. Ó lè ti tú. Lórí àwọn ọkọ̀ mìíràn, okùn irin ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wò ó bóyá kò há.

Ẹ wá dé ìdí asẹ́ epo, tí wọ́n ń pè ní filtre. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gba epo díẹ̀ sínú ìgò funfun. Ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á sàn sí ìsàlẹ̀. Ní ìhà tiwa, tí a súnmọ́ ẹnubodè Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ epo ni wọ́n ń tà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí a ń pè ní kpayo. Òjò lè rọ̀ sí i. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gba bẹntiróòlù lánàá ni wọ́n lè fi gba dísẹ́ẹ̀lì lónìí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má tan ọkọ̀ náà rárá. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe bí òróró fún inú pọ́ǹpù. Bẹntiróòlù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, irin á máa ha irin. Ẹ da epo táǹkì náà jáde pátápátá.

Bí epo bá mọ́, ẹ wá afẹ́fẹ́. Ẹ tú bóòtù orí asẹ́ epo díẹ̀, kí ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ ó rí ìfófòó. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi jáde láìsí ìfófòó, kí ẹ tó dì í padà. Bí ọkọ̀ bá dáhùn lẹ́yìn èyí, tí ó tún kọ̀ ní òwúrọ̀ kejì, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibì kan. Rọ́bà epo kan ti sán, tàbí ìdè kan ti tú. Epo ń padà sínú táǹkì lóru. Rọ́bà yẹn ni kí ẹ pààrọ̀. Kò wọ́n.

8. Ìgbà wo ni ẹ lè dá pọ́ǹpù tàbí ẹ́ńjìnnì lẹ́bi?

Ẹ wo ìgbà tí ọkọ̀ ń kọ̀. Bí ó bá ń dáhùn dáadáa ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n tó ń kọ̀ ní ọ̀sán nígbà tó ti gbóná, pọ́ǹpù lè ti jẹ lóòótọ́. Epo tó gbóná máa ń ṣàn jù, á máa sá gba inú pọ́ǹpù tó ti jẹ. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù bo pọ́ǹpù náà fún ìgbà díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dáhùn lẹ́yìn náà, ẹ ti rí ẹlẹ́bi.

Bí ó bá ń kọ̀ ní òwúrọ̀ nìkan, tí bújì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dára, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da òróró ẹ́ńjìnnì sí nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ gan-an, tí ọkọ̀ sì ń mu òróró, ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú kòtò písítìnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì lágbára sábà máa ń fi ju 20 bar hàn. Àfi lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó ńlá.

9. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má fọ́n ọṣẹ́ agolo tí wọ́n ń pè ní éther sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ má sì da bẹntiróòlù síbẹ̀. Bí bújì bá ti pọ́n, yóò bú gbàmù. Ó lè fọ́ písítìnì, ó sì lè jó ojú yín.

Ẹ má fi ìka wá ibi tí epo ti ń jò lẹ́nu nọ́sù. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré jẹ́ nǹkan bíi 2 bar. Epo tó ń jáde lẹ́nu nọ́sù lé ní 100 bar. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré, kó má sì dunni púpọ̀. Ẹ má fi tàfàlà: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ènìyàn lè pàdánù ọwọ́.

Ẹ má gbé fìtílà tàbí ìṣáná súnmọ́ epo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Podji, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà, gbiná. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú.

10. Ẹ lo ìwé tí ẹ ti mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà tí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ ohun tí ọkọ̀ ṣe, ohun tí ẹ pààrọ̀, àti iye tó ná yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan, ẹ gba ti àtijọ́ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan á sọ pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ mi kò dáhùn o." Gbogbo nǹkan ni ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Awakọ̀ kejì á sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ń yí kíákíá. Èéfín funfun ń jáde. Mo ti dán bújì wò, ìkejì àti ìkẹrin ti jóná." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ lọ mú bújì méjì wá." Kí ọjà tó kún, awakọ̀ yẹn ti dé Sakété.

Ẹni tó bá farabalẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ohun mẹ́ta wo ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ kó tó dáhùn?
2. Ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, kò sí èéfín kankan. Kí ni ẹ ó wò?
3. Báwo ni ẹ ṣe lè fi gílóòbù mọ bújì tó ti jóná?
4. Kí ló dé tí bẹntiróòlù fi ń ba pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì jẹ́?
5. Ta ni nínú yín tó ti ra ohun tí kò bàjẹ́ rí? Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún àwọn yòókù.